Àmù Custódia

Baltasar Carrapiço tu wáìnì ẹnu rẹ̀ sínú garawa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè, ó sì gbójú sókè pẹ̀lú ẹ̀rín láti wo oníbàárà tó wà níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Geng, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife sókè sí i, ṣì gbé ife náà dání, kò tíì kàn án lẹ́nu. Àwọn tó bá a wá ń wo garawa. Nígbà tó yá, Ọ̀gbẹ́ni Geng rọra gbé ife kalẹ̀ sórí tábìlì, ó tẹ orí ba díẹ̀, ó yí padà, ó lọ. Àwọn èèyàn rẹ̀ wọ́ tẹ̀ lé e.

"Bàbá, kí lẹ ṣe yẹn?"

Olívia ló béèrè, ògbufọ̀ tí wọ́n yàn fún un. Ọmọ Hangzhou níbí ní Ṣáínà ni. Qiu Min ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó kọ́ ọ ní èdè Potogí ní Macau ló fún un ní Olívia, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí ó fi lé ní ogójì ọdún.

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ tu ọtí dànù lójú ọkùnrin yẹn!"

"Ṣé kí n gbé e mì ni? Gbogbo wa la máa ń tu ú. Láti àárọ̀ ni mo ti ń tọ́ ọ wò. Bí mo bá ń gbé gbogbo ẹ̀ mì, ṣé o máa bá mi lórí ìdúró?"

"Bí ẹ bá ń tọ́ ọ wò, kò burú. Ṣùgbọ́n kò ní kí ẹ tọ́ ọ wò, ó ń kí yín ni! Ẹ ò rí i bó ṣe rẹ ife tirẹ̀ wálẹ̀ sábẹ́ tiyín? Ó ń pè yín ní ẹ̀gbọ́n nìyẹn o. Ó fẹ́ mu ún gbẹ láti fi yẹ́ yín sí, ẹ wá…" Ó wo garawa, kò parí ọ̀rọ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ ohun tí ọ̀kan nínú wọn sọ bí wọ́n ṣe ń lọ?"

"Sọ ọ́."

"Ó ní ọtí tí ẹni tó pọn ọ́n kò lè gbé mì, ta ló wá fẹ́ kó mu ún."

Háà! Baltasar dorí kodò. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń lọ síbi ìpàtẹ wáìnì, láti Lisbon dé Bordeaux, kò sì síbi tí wọn kì í ti gbé garawa sílẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé e mì gan-an ni wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀mùtí lásán ni, kò mọṣẹ́. Òun tó ń fi iṣẹ́ ṣe fọ́ńté, òun ló wá di aláfojúdi lójú wọn yìí. Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí.

Tábìlì rẹ̀ ló kángun sí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Láti ọjọ́ tí ìpàtẹ náà ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ ń béèrè. Gbólóhùn Ṣáínà kan ṣoṣo tó ti mọ̀ sórí ni "ẹ yà sọ́wọ́ òsì." Àwọn ará Potogí yòókù ní àwòrán gàgàrà lẹ́yìn tábìlì wọn, odò Douro níbí, ilé olówó lọ́hùn-ún, èrò sì ń wọ́ tọ̀ wọ́n. Òun ní àmù amọ̀ kékeré kan tó gbé wá láti ilé, tó fi ń ṣàlàyé pé inú irú rẹ̀ tó ga ju èèyàn lọ lòun ti ń pọn wáìnì òun, bí bàbá òun àti bàbá bàbá òun ti ń ṣe é. Àwọn tó ń kọjá rò pé ìkòkò òdòdó ni. Ọ̀gbẹ́ni Geng, tó ní ilé oúnjẹ káàkiri Hangzhou àti Shanghai, nìkan ni oníbàárà gidi tó yà. Òun náà ló ti bá tirẹ̀ lọ yìí.

Kò pẹ́ tí Dókítà Fausto fi dé, ìròyìn ti bá a níbi tó wà. Fausto ni olórí ikọ̀ tó kó wọn wá láti Potogí. Kò fún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ka ìwé dé yunifásítì, bẹ́ẹ̀ nílé wọn lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ti kàwé débẹ̀, dókítà ni títí a ó fi sin ín.

"Bàbá Baltasar, ṣé òótọ́ ni ohun tí mo gbọ́?"

"Òótọ́ ni, Dókítà."

"Nínú gbogbo ọkùnrin tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, Geng lẹ rí tutọ́ sí lẹ́sẹ̀?"

"Inú garawa ni mo tu ú sí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi ṣàwàdà! Òun ló ń gbà wá lálejò lálẹ́ òní. Ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀ ẹ́. Tó bá gbé ife, ẹ gbé e. Tó bá gbẹ ẹ́, ẹ gbẹ ẹ́. Kódà kó jẹ́ omi ìfọbọ́ ló bù fún yín, ẹ gbé e mì!"

Baltasar mi orí pé òun ti gbọ́. Ohun tí kò lè sọ fún Fausto, tí kò tíì sọ fún ẹnì kankan, ni pé láti oṣù kẹta ọdún yìí tí wọ́n ti sin Custódia ìyàwó rẹ̀, wáìnì kankan kò tíì gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ o. Nílé wọn, èèyàn kì í dá mutí, ẹni tó bá fẹ́ mu wáìnì á kọ́kọ́ wá ẹni tí wọ́n jọ máa mu ún. Ní ìrọ̀lẹ́ tó kọ́kọ́ dá jókòó ti tábìlì ilé ìdáná, ó bu ife kan bó ti máa ń ṣe, ó gbé e sẹ́nu, ó wo àga òdìkejì, ọ̀fun rẹ̀ sì tì pa. Ó dìde, ó lọ tu ú síbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Bó ṣe ń ṣe é láti ìgbà náà nìyẹn, nílé àti lóde, ó sì ń fi iṣẹ́ bojú.

Fóònù rẹ̀ dún lápò. Irene ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Custódia bí fún un, tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Luxembourg. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàsán o. Ṣé wọ́n ti rà?"

"Wọ́n ń wò ó."

"Wọ́n ti ń wò ó láti ìjẹta. Bàbá, ẹ rántí ohun tí a jọ sọ."

"Mo rántí."

"Kì í ṣe pé mo fẹ́ gba nǹkan yín lọ́wọ́ yín. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí ẹ bá ṣubú sáàárín àwọn àmù yẹn, ta ló máa mọ̀? Búrẹ́dì àti wàràkàṣì lẹ ń jẹ láàárọ̀, òun náà lẹ ń jẹ lálẹ́. Mo ti tún yàrá yín ṣe níbí. Àwọn ọmọ ń béèrè yín."

"Irene, mo ní mo rántí."

Ohun tí wọ́n jọ sọ kò lọ́jú pọ̀. Ilé-iṣẹ́ ólífì kan ti ra gbogbo ilẹ̀ tó yí ọgbà àjàrà Baltasar ká lẹ́bàá Vidigueira ní Potogí, wọ́n gbin igi wọn tò bí ṣọ́jà, wọ́n sì fẹ́ tirẹ̀ mọ́ ọn, àtilé àtilẹ̀. Wáìnì rẹ̀ alára ò tà mọ́. Ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí fún ọmọ rẹ̀ pé bí òun bá ti Ṣáínà dé láìrí oníbàárà kankan, òun á fọwọ́ síwèé fún àwọn ólífì, òun á sì wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Irene ò fipá mú un. Ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà ni, ilé sì dákẹ́ jù.

"Bàbá," ohùn Irene rọ̀, "ẹ kú ọdún Mátíìnì Mímọ́."

Ó ti rò pé ọmọ náà ti gbàgbé. "A kú ọdún," ó dáhùn, ó sì yára pa fóònù kí ohùn rẹ̀ má baà tú u fó.

Lágbègbè wọn, àmù kì í ṣí ṣáájú ọjọ́ Mátíìnì Mímọ́ nínú oṣù kọkànlá. Àmù kan sì wà nínú ilé Baltasar tí kì í ṣe títà rárá. Ìdí ilẹ̀kùn ló wà, Custódia ló fi kẹ̀kẹ́ ìbaaka gbé e wá láti ilé bàbá rẹ̀ nígbà tó wọlé ọkọ. Nígbà ìkórè, gbogbo ará àdúgbò tó bá ti ní igi àjàrà kan péré lẹ́yìnkùlé á gbé agbọ̀n kan wá, pupa, funfun, dídùn, kíkan, Custódia á da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú ẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Mátíìnì Mímọ́, oníkálukú á gbé ife tirẹ̀ wá láti ilé, nítorí Custódia ti sọ fún wọn pé òun ò ní í fọ ife ẹnikẹ́ni. Wọ́n á fi òòlù gbá táàpù onígi wọ ihò ìdí àmù, Custódia á jókòó sórí àga rẹ̀, á máa bù ú fún wọn. Wọ́n á máa sun èso kasitáńyà nínú iná láàárín àgbàlá, wọ́n á kọrin títí ohùn wọn á fi há.

Lọ́dún yìí, wọ́n ṣì gbé agbọ̀n wọn wá. Baltasar ló dà á pọ̀ fúnra rẹ̀, kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Òní gan-an sì lọjọ́ ṣíṣí rẹ̀. Ó ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún Jacinto aládùúgbò rẹ̀ pé kó bá òun ṣí i, torí àwọn tó ṣètò ìpàtẹ kò bi Mátíìnì Mímọ́ léèrè kí wọ́n tó mú ọjọ́. Òun rèé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní Hangzhou.

"Bàbá," Olívia rọra pè é, "bí ẹ bá máa bẹ̀ ẹ́, ẹ má gbé èyí tó wà lórí tábìlì yìí lọ. Ó ti rí i tí ẹ tu ú. Ṣé ẹ ò ní òmíràn tí ẹ lè mu tán lójú rẹ̀?"

Nínú àpótí Baltasar ní òtẹ́ẹ̀lì, ìgò kan wà tí a fi aṣọ òtútù wé, tí kò sí bébà orúkọ lára rẹ̀. Custódia ló bù ú láti inú àmù rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, òun ló sì dé e. Ìgò náà nìkan ló kù. Baltasar gbé e dání kí òun lè ṣí i lóun nìkan ní yàrá ní ìrọ̀lẹ́ òní, kí ọjọ́ náà má baà kọjá bẹ́ẹ̀ lásán, bó tilẹ̀ dá a lójú pé òun á padà tu ú dànù ni.

"Ó wà," ó ní.

Ilé oúnjẹ tí Ọ̀gbẹ́ni Geng ti gbà wọ́n lálejò wà létí adágún omi. Tábìlì roboto ni, àwo ń yí láàárín rẹ̀ pẹ̀lú ẹja, pẹ́pẹ́yẹ, edé, àti àwọn nǹkan mìíràn tí Baltasar kò béèrè orúkọ wọn. Wọ́n fi í sórí àga tó kángun sí ilẹ̀kùn. Olívia ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní í sọ fún un pé kì í ṣe ibi tí wọ́n ń fi ẹni ọ̀wọ̀ sí. Ariwo gba gbogbo ilé, wọ́n ń gbé ife sókè, wọ́n ń kígbe kó gbẹ, kò sì sẹ́ni tó wojú rẹ̀.

Ó dìde, ó gbé ìgò rẹ̀, ó yí tábìlì po títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Geng. Olívia tẹ̀ lé e. Ariwo lọ sílẹ̀.

"Sọ fún un pé iṣẹ́ ti ba ẹnu mi jẹ́. Sọ fún un pé nílé wa, ẹni tó bá gbé ife sókè síni, ọ̀rẹ́ ẹni ni, mi ò sì mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ló dúró níwájú mi. Sọ fún un pé ìyàwó mi ló dé ìgò yìí, kó tó kú."

Olívia sọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Geng wo ìgò tí kò lórúkọ náà, ó wo Baltasar, ó na ife síwájú. Baltasar bu ọtí fún un, ó bù fún ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sábẹ́ ti Geng. Geng rẹ tirẹ̀ sílẹ̀ sábẹ́ tirẹ̀. Baltasar tún rẹ tirẹ̀ sílẹ̀. Báyìí ni àwọn àgbà méjèèjì ń bẹ̀rẹ̀ títí ife fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín, Geng náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ife sẹ́nu, ó gbẹ ẹ́.

Ó wá ku Baltasar. Ó da ọtí sẹ́nu, ọ̀fun rẹ̀ tì bó ti máa ń tì. Fausto fi ọwọ́ bojú lọ́hùn-ún. Baltasar di ojú, ó sì gbé e mì tipátipá bí ọmọ tí wọ́n rọ lágbo. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọ̀gbẹ́ni Geng ni kò pàtẹ́wọ́. Ó tún na ife, ó gba díẹ̀ sí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mu ún díẹ̀díẹ̀, ó sì béèrè nǹkan.

"Ó ní kí lẹ fi pọn ọ́n?" Olívia ní.

Baltasar ṣàlàyé àmù náà fún un, agbọ̀n àwọn ará àdúgbò, Custódia, ọjọ́ Mátíìnì Mímọ́. Ó sọ̀rọ̀ ju bó ṣe sọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti dé lọ. Nígbà tó parí, Geng gbé ife kalẹ̀, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Olívia fetí sí i dáadáa kó tó yíjú.

"Bàbá, ó ní òun fẹ́ àmù yẹn. Ti ọdún yìí, ti ọdún tó ń bọ̀, lọ́dọọdún. Ó ní òun á ra wáìnì inú àwọn àmù yín yòókù mọ́ ọn, gbogbo ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni: ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ tọ́ ti àmù ìyàwó yín wò. Ó ní àwọn tó ń wá jẹun lọ́dọ̀ òun, nǹkan tí kò sí níbòmíràn ni wọ́n ń wá. Bí ẹnikẹ́ni bá ti lè rí i mu, kò wúlò fún òun mọ́."

"Ó gbà!" Fausto ti fò dìde. "Sọ fún un pé ó gbà!"

Olívia ò túmọ̀ rẹ̀. Baltasar ló ń wò.

"Dókítà, èèyàn ló ni ín."

"Èèyàn wo? Ẹ fún wọn ní wáìnì mìíràn! Kí ni wọ́n mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀ ọ́n. Àjàrà wọn ni." Baltasar kọjú sí Olívia. "Bá mi tọrọ gáfárà. Mo fẹ́ pe ilé."

Geng mi orí pé kò burú, ó sì bu díẹ̀ sí i sínú ife Baltasar. Baltasar gbé ife náà dání jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí omi. Afẹ́fẹ́ tutù. Ọ̀sán gangan ni lọ́dọ̀ wọn nílé. Bí Jacinto bá ti gbá táàpù wọlé, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ó wá ń gbàdúrà nínú pé kí wọ́n má tíì ṣí i, ó tún ń bẹ̀rù pé wọn ò tíì ṣí i. Bó ti ń ṣe é nìyẹn tí ẹnì kan fi gbé fóònù.

"Ìwọ wèrè yìí, o ṣì wà láyé?" Jacinto ni. "A ti ń sọ pé o ti gbé ìyàwó sọ́hùn-ún!"

"Jacinto, pa ẹnu ẹ dé!" Ohùn ìyá arúgbó kan ló bá a wí láti ẹ̀yìn. Ìyá Zulmira ni, ẹni tó dàgbà jù ládùúgbò.

"Ṣé ẹ ti ṣí i?" Baltasar bi í.

"Ṣí kí ni? Kasitáńyà ti tutù níbí. Gbogbo èèyàn ti kún inú àgbàlá ẹ, oníkálukú gbé ife tirẹ̀ dání bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de oúnjẹ ọ̀sán. Mo gbé òòlù, mo ní kí n gbá a, Ìyá Zulmira ní bí mo bá dán an wò òun á fi ọ̀pá òun la orí mi sí méjì. Wọ́n ní àmù Custódia ò lè ṣí nígbà tí onílé wà lójú ọ̀nà. A gbé àga rẹ̀ síbi tó máa ń wà, gbogbo wa wá ń wo ara wa."

Baltasar wá sọ gbogbo ẹ̀ fún un, ohun tí Geng fẹ́, ohun tó fi lọ̀ ọ́, àti ìlérí tó ṣe fún Irene. Jacinto tún un sọ sókè fún àwọn tó wà nínú àgbàlá. Ìyá Zulmira ló gba fóònù.

"Baltasar, ọmọ mi."

"Ìyá."

"Tà á."

"Ìyá, ti gbogbo yín ni."

"Mo ní kó o tà á! Agbọ̀n kan péré ni mo gbé wá, kí ló wà níbẹ̀? Bíà la máa mu."

"Bíà kẹ̀!" ẹnì kan pariwo lẹ́yìn, àwọn yòókù ní kó dákẹ́.

"Bíà la máa mu," ìyá náà tún un sọ. "Ó sàn ká má mu ún, kí ìwọ má baà lọ. A ti sin Custódia. A ò fẹ́ kí ilẹ̀kùn yẹn wà ní títì."

Baltasar gbé iwájú orí lé ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rí Geng láti ojú fèrèsé, tó jókòó jẹ́ẹ́ ti ìgò náà, tó ń dúró dè é. Èèyàn ire ni, kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun gbogbo tí Baltasar bá wá sí Ṣáínà ló wà lórí tábìlì yẹn: ọgbà rẹ̀, àwọn àmù rẹ̀, iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Àwọn tó ni àmù náà sì ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí àmù yẹn bá ń bọ̀ wá sí Hangzhou lọ́dọọdún, kí ló kù tí ẹnikẹ́ni á máa wá ṣe nínú àgbàlá òun? Wọ́n á máa kí òun láti ojú títì. Òun á ní ọgbà, òun á ní oníbàárà, òun á tún máa dá jókòó ti tábìlì ilé ìdáná, òun á máa tu ọtí dànù. Ó rí i kedere pé dídákẹ́ ilé ló ń ba òun lẹ́rù, kì í ṣe àìsí ọgbà.

"Ìyá, ẹ fún Jacinto ní fóònù."

"Ṣé o ti gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mo gbọ́. Ẹ ṣeun. Ẹ fún un."

"Mò ń gbọ́," Jacinto ní.

"Gbé òòlù."

"Baltasar, rò ó dáadáa o."

"Gbé òòlù, kó o sì gbé fóònù sún mọ́ ọn, kí n lè gbọ́."

Ó gbọ́ ọ. Òòlù dún lórí igi lẹ́ẹ̀kan, ó dún lẹ́ẹ̀kejì, igi ké, wáìnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú yàà sínú abọ́ amọ̀. Ó retí ariwo tó máa ń tẹ̀ lé e. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Kí ló dé? Ẹ mu ún!"

"Onílé ló ń kọ́kọ́ mu," Jacinto ní. "Àbí o ti gbàgbé? Ṣé ife wà lọ́wọ́ ẹ?"

Ife wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sẹ́nu níbẹ̀ lójú afẹ́fẹ́, ó mu ún, ó sì lọ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́ bí omi, kò mọ̀ pàápàá pé òun ti gbé e mì. "Mo ti mu," ó ní. Àgbàlá rẹ̀ bú sí ariwo tó fi ní láti gbé fóònù jìnnà sí etí.

Nígbà tó yíjú, Olívia wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀.

"Ṣé kí n bá yín sọ ọ́ fún un?"

"Sọ ọ́ bó ṣe rí."

Ọ̀gbẹ́ni Geng gbọ́ ọ tán, ó béèrè bóyá nísinsìnyí náà ni wọ́n ṣí i. Baltasar ní nísinsìnyí náà ni.

"Ẹ̀ bá ti dá mi lóhùn kí ẹ tó ṣí i," Geng ní.

"Ká ní mo dá yín lóhùn kí wọ́n tó ṣí i, ẹnu mi ì bá ti gbà á."

Geng wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó dé ìgò náà padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó sì sọ gbólóhùn kan. "Ó ní kí ẹ máa gbé e lọ," Olívia ní, "ó ní ẹ̀yin lẹ ni ín." Lẹ́yìn náà, Geng yíjú sí ẹni tó jókòó lápá kejì, ìyẹn ọkùnrin Douro kan tó ní wáìnì dídùn, àwọn méjèèjì sì gbé ife sókè sí ara wọn. Fausto ò tilẹ̀ bínú mọ́, ó kàn ń wo Baltasar bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ tó já sódò.

Òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀ níta nígbà tí Baltasar àti Olívia dúró sábẹ́ òrùlé ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń retí ọkọ̀ òtẹ́ẹ̀lì. Ìgò náà wà lábíyá rẹ̀.

"Ó kù díẹ̀," ó ní. "Ǹ bá fún ọ, ṣùgbọ́n bá a ṣe ń ṣe é ni pé oníkálukú á gbé ife tirẹ̀ wá."

Olívia rẹ́rìn-ín. Ó yọ fùláàsì tíì rẹ̀ láti inú báàgì, irú èyí tí gbogbo wọn ń gbé kiri níbẹ̀, ó ṣí ọmọrí rẹ̀, ó gbọn omi tíì dànù, ó sì na ọmọrí náà sí i. Baltasar bu ọtí sínú rẹ̀. Wọ́n jọ mu ún lórí ìdúró, òun láti ẹnu ìgò, obìnrin náà láti inú ọmọrí fùláàsì. Nígbà tó tán, Baltasar pe Irene.

"Bàbá? Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Kò sí. Mi ò rí oníbàárà, Irene."

Ó gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá."

"Mo ní màá fọwọ́ sí i, màá fọwọ́ sí i. Ọgbà àjàrà, kí àwọn ólífì máa mú un lọ. Ṣùgbọ́n ilé ò sí níbẹ̀ o, àmù ò sì sí níbẹ̀."

"Wọ́n ní gbogbo ẹ̀ pọ̀ ni."

"Èyí tí mo bá fún wọn ni wọ́n máa gbà. Màá máa wá kí ẹ, màá wá rí àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ilé mi ni màá máa gbé."

"Kí lẹ wá fẹ́ fi àmù ṣe láìsí ọgbà? Níbo lẹ ti máa rí èso?"

"Agbọ̀n kan péré ni àmù ìyá ẹ ń gbà nínú èso mi. Àjàrà ẹ̀yìnkùlé wà fún un. Àwọn èèyàn á gbé tiwọn wá."

Baltasar gbọ́ agogo tó ń dún níbi iṣẹ́ Irene, àti ẹnì kan tó ń sáré kọjá.

"Ta ló jókòó sórí àga Màmá?"

"Kò sẹ́nì kan. Wọ́n gbé e síbi tó máa ń wà, wọ́n sì ń bu ọtí fúnra wọn lórí ìdúró."

Irene bú sẹ́kún níbẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú, Baltasar ò tíì gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ó jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn, òun náà ń nu ojú rẹ̀, Olívia sì rìn lọ sí ìkángun òrùlé bí ẹni tó ń wo ọ̀nà ọkọ̀.

"Lọ́dún tó ń bọ̀," ó ní nígbà tó yá, "gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ lákòókò yìí."

"Bàbá, ẹ mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Mi ò lè ṣèlérí o."

"Má ṣèlérí. Ìlérí ti sú mi. Tó o bá ṣáà ti ń bọ̀, gbé ife tìẹ dání."